Ṣé tí a bá ti sanwó amọ̀nà, ewu òkè oníyìnyín ti tán nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ti sanwó ìrìnàjò ọjọ́ márùn-ún lórí àwọn òkè Skọ́tlándì nínú Oṣù Kejì, pẹ̀lú amọ̀nà. A máa ń gun òkè dáadáa nígbà ooru, àmọ́ a ò gun èyí tí yìnyín bò rí. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ mú wa lọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kò séwu, pé amọ̀nà á mójú tó gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ohun tí a torí ẹ̀ sanwó nìyẹn. Àmọ́ oorun ò kún ojú mi. Kí ló kù tí àwa fúnra wa gbọ́dọ̀ mọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìdajì òótọ́ ni ọkọ yín sọ.

Ohun tí ẹ sanwó fún lọ́dọ̀ amọ̀nà ò ju ojú àti ẹnu lọ: ojú tó ti rí òkè yẹn nígbà tí inú rẹ̀ dùn àti nígbà tó ń bínú, ẹnu tó lè sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká padà" nígbà tí ṣóńṣó òkè ṣì ń wò yín lójú. Gbogbo ìyókù, ọrùn yín ló wà. Ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi rìn. Ìka yín ni òtútù máa jẹ. Tí yìnyín bá sì ya bo amọ̀nà mọ́lẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wà á jáde. Ẹni tó kọ ọ́ pé kò séwu, ọjà ló ń polówó. Mi ò tíì bá amọ̀nà gidi pàdé tó sọ bẹ́ẹ̀ lójú oníbàárà rẹ̀.

Kí n tètè sọ ọ́: yìnyín ni mò ń pe èyí tó ń já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ojú ọ̀run tó ń kó jọ sílẹ̀. Èyí tó le gan-an, tó ń dán bíi dígí, omi dídì ni mo pe ìyẹn. Tí mo bá sì ní yìnyín ya, mo ní ó já kúrò lára òkè, ó sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìró kan wà tí gbogbo àwa amọ̀nà òkè ń bẹ̀rù ju ààrá lọ. Kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn tó sanra bá jókòó lójijì sórí tìmùtìmù ńlá: wúùfù. Lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́rin la wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, oòrùn ń ràn, kò sí ẹ̀fúùfù kankan, àwọn oníbàárà mi ń ya fọ́tò. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo sì gbọ́ ọ. Yìnyín tí a dúró lé rì sísàlẹ̀ níwọ̀n ìbú ìka kan, ìlà tín-ín-rín kan sì là láti ibi bàtà mi lọ síwájú, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń fi sáàsì gé aṣọ. Ibi tí a dúró sí ò lè ya, torí ó tẹ́jú. Àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè orí wa, tí a fẹ́ gbà kọjá, yìnyín kan náà ló wà lórí rẹ̀. Mo ní ká padà. Ọkùnrin kan nínú wọn bínú débi pé kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ò ya lọ́jọ́ náà. Títí di òní, mi ò lè sọ bóyá ì bá ya ká ní a gbà á kọjá. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn: ọjọ́ tí a bá ṣe é ire, kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò, ẹ má bi wọ́n pé òkè mélòó ni wọ́n ti mú èèyàn gùn. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni amọ̀nà yẹn yí padà kẹ́yìn, kí ló sì fà á. Ẹni tí kò bá rí ìtàn kan sọ, bóyá kò tíì pẹ́ nínú iṣẹ́, bóyá ó sì ń parọ́.

Ìwé-ẹ̀rí ńkọ́? Èyí tó ga jù lágbàáyé ni ti IFMGA, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn amọ̀nà òkè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965. Ẹni tó ní báàjì yẹn lè mú yín gun ògiri omi dídì, ó sì lè so yín mọ́ okùn kó mú yín la pápá omi dídì kọjá lórí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù. Ní Bírítéènì, ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí Winter Mountain Leader lè mú yín rìn lórí òkè oníyìnyín níbi tí a ò ti wéwèé àtilo okùn. Tó bá ti di gígun ògiri pẹ̀lú okùn, ìwé-ẹ̀rí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ nílò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ mọ sí ti ìgbà ooru. Òkè kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ tí yìnyín bá ti bò ó, ó ti di òkè mìíràn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ní Oṣù Kọkànlá 1971, ìjì yìnyín ká àwọn ọmọ ilé-ìwé kan láti Edinburgh mọ́ orí òkè Cairngorm ní Skọ́tlándì, òru méjì ni wọ́n sì fi wà níta. Ọ̀dọ́ márùn-ún kú, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìdarí. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ta ló tó mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sórí òkè nígbà yìnyín ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré nílẹ̀ Bírítéènì.

Ẹ tún bèèrè iye èèyàn tí amọ̀nà kan máa mú. Fún ìrìn lásán, èèyàn mẹ́fà ti tó. Fún gígun ògiri pẹ̀lú okùn, méjì. Tí wọ́n bá ní mẹ́wàá, ẹ wá ibòmíràn.

Ó wá ku yìnyín tó ń ya, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní avalanche. Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí òun ni àwọn èèyàn ń bẹ̀rù jù, òun náà sì ni òye rẹ̀ ò yé wọn jù. Wọ́n rò pé ariwo ló ń fà á, pé tí èèyàn bá kígbe, òkè á wó. Inú fíìmù nìyẹn. Yìnyín kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tó bo òkè bí aṣọ. Ìpele lórí ìpele ló jẹ́, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀ tó rọ̀. Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí òtútù sì mú, wóró yìnyín tó tín-ín-rín bí ìyẹ́ a máa hù sórí èyí tó wà nílẹ̀, tí yóò máa dán wínníwínní láàárọ̀. Ó lẹ́wà púpọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀fúùfù máa wá gbé yìnyín mìíràn dé, tí yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí ẹlẹ́wà yẹn. Ẹ fojú inú wo pákó fífẹ̀ tí wọ́n gbé lé orí iyanrìn gbígbẹ, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsí wàhálà. Ohun tó kù ò ju kí ẹnì kan fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ. Nínú nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú ìjàǹbá yìí tó pa èèyàn, ẹni tó kú náà tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ló tẹ̀ ẹ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín dígírì 30 sí 45 ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń ya, pàápàá nítòsí 38. Èyí tó tẹ́jú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yìnyín orí rẹ̀ kì í sábà lọ. Èyí tó dúró ṣánṣán ju bẹ́ẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀ ni yìnyín ń dà nù lórí rẹ̀ kó tó kó jọ. Ibi tó wá dùn-ún gùn, tó tún dùn-ún fi ski, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń so mọ́ bàtà, sáré sọ̀ kalẹ̀, ni àárín yẹn gan-an. Kọ́ńpáàsì tó ní ìwọ̀n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lára kò wọ́n, amọ̀nà yín á sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín tí ẹ bá bèèrè. Ẹ rántí ìtàn mi: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè orí yín kan yín bí èyí tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀fúùfù ni bíríkìlà tó ń mọ gbogbo rẹ̀. Yóò gbá yìnyín kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó ti ń fẹ́ wá, yóò sì lọ kó o jọ sí ẹ̀yìn òkè níbi tó ti rí ààbò. Ìdí nìyẹn tí yìnyín fi lè di ewu lọ́jọ́ tí ẹyọ kan ò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní Skọ́tlándì, apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni ẹ̀fúùfù ti sábà ń fẹ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá àti ìlà-oòrùn la kọ́kọ́ ń fura sí. Àmọ́ ẹ̀fúùfù lè yí padà, ti ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Lókè téńté, ẹ̀fúùfù yìí kan náà ló ń mọ ìgbátí yìnyín, tí yóò yọ jáde kọjá etí ọ̀gbun bí ìgbátí òrùlé. Tí ẹ bá dúró lórí rẹ̀, ẹ ò lè mọ̀ pé kò sí òkúta lábẹ́ yín. Ẹ jìnnà sí etí òkè, ẹ jìnnà gan-an, kódà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò.

Ìkéde ewu yìnyín máa ń jáde lójoojúmọ́ nígbà òtútù. Ní Skọ́tlándì, Scottish Avalanche Information Service ló ń ṣe é fún agbègbè mẹ́fà. Ní Swítsàlandì, ilé ìwádìí SLF tó wà ní Davos ni. Ìpele márùn-ún ni ewu náà ní jákèjádò Yúróòpù. Ẹ má kà á bí èsì ìdánwò, tí ẹ ó fi sọ pé mẹ́ta nínú márùn-ún ò burú. Ewu ò ń gun àtẹ̀gùn náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló ń fò. Ìpele 3 sì ni ẹ̀mí ti ń ṣòfò jù. Ní ìpele 5, ẹnu ọ̀nà ni kálukú ń jókòó sí. Ní ìpele 3, ojú ọjọ́ lè dára, gbogbo èèyàn á jáde, ewu náà á sì fara pamọ́. Ẹ má wo nọ́ńbà nìkan. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti sọ ẹ̀gbẹ́ òkè wo àti gíga mélòó.

A máa ń sọ pé ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ń fura sí, ẹ gbàgbé òwe yẹn. Amọ̀nà á ní kí ẹ máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù dúró síbi tí kò léwu kí wọ́n máa wo ẹni tó ń lọ. Àwọn tọkọtaya ni wọ́n ń ṣòro jù fún mi níbí yìí. Ọkọ á fẹ́ tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ gbọ́ngbọ́n kó lè dì í mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọkọ yín dúró. Èèyàn méjì wúwo ju ẹnì kan lọ, tó bá sì ya, ó sàn kí ẹnì kan wà lókè tó rí ibi tí ẹnì kejì wọlẹ̀ sí.

Torí àkókò ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí yìnyín bò tí wọ́n bá yọ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, ó ṣeé ṣe gan-an kó yè. Tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 35, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ṣì ń wà láàyè. Èémí ló ń tán lọ́pọ̀ wọn. Kò sí hẹlikópítà tó ń yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni adóòlà. Ìdí rèé tí olúkúlùkù fi ń gbé nǹkan mẹ́ta: transceiver, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi rédíò sọ ibi tí ẹni tó gbé e wà, tí a tún fi ń wá ti ẹlòmíràn, tí a so mọ́ àyà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì; ọ̀pá gígùn tó ń ká, tí a fi ń gún yìnyín wò, àti ṣọ́bìrì onírin. Èyí tí ẹ kó sínú báàgì àmọ́ tí ẹ ò fi dánra wò rí, ẹrù lásán ni.

Ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ìrìn lásán ní Skọ́tlándì kì í kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, wọ́n ń fi yíyan ojú ọ̀nà ṣe ààbò. Lórí àwọn òkè Alps, pàápàá fún oníski, kò sẹ́ni tó ń jáde láìsí wọn. Ẹ bi amọ̀nà yín ohun tó ń ṣe àti ìdí. Tó bá fún yín ní transceiver, ẹ ní kó gbé ọ̀kan pa mọ́ sínú yìnyín kí ẹ wá a. Ẹ máa rí i pé ọwọ́ máa gbọ̀n, ẹ máa sáré ju ọfà tó wà lójú ẹ̀rọ lọ, ẹ máa gbàgbé pé fóònù tó wà lápò yín ń da ẹ̀rọ náà láàmú. Tí ẹ bá ń wá èèyàn, kí fóònù jìnnà sí i tó ìdajì mítà. Tó bá ti ku mítà mẹ́wàá, ẹ rọra, ẹ tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ sún mọ́ yìnyín. Nígbà tí ọ̀pá bá kan ohun kan tó rọ̀ lábẹ́, ẹ má yọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì. Ẹ wá bọ́ sí apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ wà á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kí ẹ gbẹ́ ihò láti òkè. Yìnyín tó ti ya tó sì dúró kì í rọ̀ mọ́. Ó ń gan bíi kọnkéré. Èyí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn lè wọn kìlógíráàmù 300 sí 400. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò ní fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ nílé mọ́.

Bẹ́ẹ̀, kó sì yé yín pé ó ṣeé ṣe kí ẹ lo ọjọ́ márààrún láìrí yìnyín kankan tó ya. Ohun tó ń ṣèèyàn léṣe jù ò ní ariwo rárá: yíyọ̀ ẹsẹ̀ ni.

Kránpọ́ọ̀nù, irin elékàn-án tí ẹ máa so mọ́ bàtà, ń fi ẹsẹ̀ di omi dídì mú gírígírí. Ó tún ń fi ara rẹ̀ di ṣòkòtò yín mú. Mo ti rí ọkùnrin tó ga, tó taagun, tó fi èékàn ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì tó sì dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ọwọ́. Ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó gun ẹṣin. Ẹ tẹ gbogbo èékàn náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi etí bàtà rìn bí ẹ ṣe ń ṣe nígbà ooru. Tí yìnyín tó tutù lọ́rinrin bá dì sábẹ́ bàtà bí ìdì òkò, ẹ fi igi àáké yìnyín tí ẹ máa mú lọ́wọ́ gbá a kúrò. Bàtà náà gbọ́dọ̀ le tó láti gbé irin yẹn. Bàtà ìgbà ooru tó ń ká á tú u dànù níbi tí ẹ ò fẹ́. Ẹ mú bàtà yín fún wọn wò kí ẹ tó dé orí òkè.

Ní ti àáké, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni amọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́ yín bí ẹ ṣe máa fi dá ara yín dúró tí ẹ bá yọ̀. Ẹ máa dùbúlẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò ní òkúta, ẹ máa yọ̀ lọ, ẹ máa yí ojú dé yìnyín, ẹ máa fi àyà te àáké wọlẹ̀. Akoto á wà lórí, kò ní sí kránpọ́ọ̀nù lẹ́sẹ̀. Inú èèyàn máa ń dùn bí ọmọdé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ó sì dára. Àmọ́ lórí yìnyín líle, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lèèyàn ní kí eré tó kọjá agbára rẹ̀. Tí kránpọ́ọ̀nù bá wà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, torí tí èékàn kan bá kọ́ nǹkan, ńṣe ló máa sọ yín lókìtì. Ìgbésẹ̀ tí kò yọ̀ rárá ló sàn jù, ìyẹn ni amọ̀nà fi máa pariwo mọ́ yín lórí bí ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí òtútù, torí ibẹ̀ ni ìtìjú ti ń pa èèyàn.

Obìnrin kan wà tí mo mú gòkè, oníwà tútù, kì í ráhùn. A dúró kí kálukú tún bẹ́líìtì kránpọ́ọ̀nù rẹ̀ so. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ẹ̀fúùfù sì gbé e fò bí ẹyẹ. Ojú tì í láti sọ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, a sì rìn bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìgbà tí mo ní kó bá mi di okùn mú ni mo rí ìka mẹ́ta tó funfun tó sì ń dán bí àbẹ́là. Kò lè ká wọn. Mo ní kó ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ apá òun fúnra rẹ̀, mo fún un ní ìbọ̀wọ́ tó wà nínú báàgì mi, a sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ padà sínú ìka wọ̀nyẹn pẹ̀lú ìrora tó pa á lẹ́kún. Orí ló bá a ṣe é. Ìbọ̀wọ́ méjì ló wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní láti sọ ni.

Kálukú kó mú péà ìbọ̀wọ́ mẹ́ta dání, kí ẹ so èyí tó wà lọ́wọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ pẹ̀lú okùn. Tí ara kan bá funfun tó sì kú, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fi yìnyín ra á, ohunkóhun tí àgbàlagbà ì báà sọ fún yín. Tó bá jẹ́ pé ó tún lè dì padà kí ẹ tó dé ilé, ẹ má yọ́ ọ lórí òkè.

Bí ẹ ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, nǹkan bí dígírì 6 tàbí 7 fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ dígírì 4 ní ìsàlẹ̀ Ben Nevis, òkè tó ga jù ní Skọ́tlándì, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,345, ẹ lè bá 5 sísàlẹ̀ òdo lókè. Ẹ wá fi ẹ̀fúùfù tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kún un: ara tí kò ní aṣọ á mọ̀ ọ́n bí 15 sísàlẹ̀ òdo. Tí ẹ̀fúùfù bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tó fi ń ti èèyàn.

Tí òtútù bá ti wọ inú ara, tí ìgbóná ara lọ sísàlẹ̀ dígírì 35, orí ló kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni mutí. Ọ̀rọ̀ á máa fà lẹ́nu, ọwọ́ ò ní lè de bọ́tìnì, ẹsẹ̀ á máa kọ, inú á máa bí i láìnídìí. Ẹni náà ò ní mọ̀. Níbí yìí, àbúrò mi, ẹ sàn ju amọ̀nà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí ọkọ yín nìyẹn. Bóyá ó máa rò pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé kì í dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé kì í sọ̀rọ̀ gán-ín-gán-ín bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ. Ìgbà tí gbígbọ̀n ara bá dúró láìjẹ́ pé ẹni náà ti móoru, ọ̀ràn ti le, ẹ ò gbọ́dọ̀ mú un rìn agídí mọ́: ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀fúùfù, nǹkan láti fi yà á kúrò lórí ilẹ̀, aṣọ gbígbẹ, ìpè sí àwọn adóòlà. Ọtí ò sí níbẹ̀ o. Ẹ má sì tètè sọ pé ẹnì kan ti kú: ní 1999, Anna Bågenholm há sábẹ́ omi dídì ní Nọ́wè, ìgbóná ara rẹ̀ dé dígírì 13.7, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Tí kùrukùru bá dé, tí ilẹ̀ àti ọ̀run di funfun kan náà, ojú ò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ máa rí amọ̀nà yín tó ń ju ìdì yìnyín síwájú. Ó ń wò ó bóyá ó balẹ̀ tàbí ó pòórá. Lórí Ben Nevis, ọ̀gbun wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún ọ̀nà àbọ̀. Àwọn amọ̀nà mọ nọ́ńbà méjì sórí bí orúkọ ọmọ wọn: láti ṣóńṣó, kọjú sí dígírì 231 lórí máàpù, rìn mítà 150, lẹ́yìn náà kọjú sí 282. Nígbà tó bá ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀, ẹ má bi í ní nǹkan kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké: ẹ dorí ìgò omi kodò nínú báàgì, torí òkè omi ló ń kọ́kọ́ dì, ẹnu ìgò á sì wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ fi fóònù sí àyà, bátìrì ń kú nínú òtútù. Tọ́ọ̀ṣì orí, kálukú kó ní tirẹ̀. Ní àárín Oṣù Kejì, ojú mọmọ ò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ níbẹ̀. Òwú ò gbọ́dọ̀ kan ara, òógùn ń dì sínú rẹ̀. Awò ńlá tó bo ojú, torí láìsí i ẹ ò lè kọjú sí ẹ̀fúùfù tó ń gbé yìnyín. Fèrè náà: ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú ni ìdáhùn. Nọ́ńbà 112 ń ṣiṣẹ́ jákèjádò Yúróòpù, àti ní Bírítéènì. Àwọn adóòlà orí òkè ní Skọ́tlándì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ní Swítsàlandì, ìwé owó á tẹ̀ lé yín délé, nítorí náà ẹ ka ìwé adójútòfò yín kí ẹ rí i pé ó dárúkọ gígun òkè nígbà yìnyín.

Ní alẹ́ yìí, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ sọ òtítọ́ nípa ara yín: pé ẹ ò wọ kránpọ́ọ̀nù rí, wákàtí mélòó lẹ lè fi gòkè láìsinmi púpọ̀, orúnkún ta ló ń dùn, oògùn wo lẹ ń lò. Ẹ bèèrè orúkọ ìwé-ẹ̀rí amọ̀nà, iye èèyàn tó máa mú, bóyá ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀kọ́, àti ohun tí wọ́n ń ṣe tí ìkéde bá wà ní ìpele 4. Tí wọ́n bá dáhùn pé wọ́n á yí ọ̀nà padà, tàbí pé wọ́n á dúró sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń lo okùn, ẹ máa di ẹrù yín. Tí wọ́n bá dáhùn pé àwọn kì í fagi lé ìrìnàjò, ẹ gba owó yín padà.